ÀMÁNÀ NI OHÙN ẸNI

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó fún wa ní etí tí a fi ń gbọ́ràn àti ahọ́n tí a fi ń sọ̀rọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ìgbéǹde.

Nígbà tí àwọn olótùú ìwé ọdọọdún wa yìí ní kí n kọ nǹkan, mo rò pé ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ mi ni ọ̀rọ̀ lórí àwẹ̀ tàbí lórí ìwà ọmọlúwàbí. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kà á dé ìparí yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ìwà náà ni.

Ní ọdún 1994, nígbà tí mo wà ní ọmọ ilé-kéwú, iṣẹ́ tí Àáfà wa àgbà yàn fún mi nínú oṣù Ràmàdáánì ni pé kí n máa jókòó ti ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì nígbà tí wọ́n bá ń ṣe tàfúsírì lẹ́yìn ìrun Àlàsárì. Bọ́tìnnì méjì ni a máa ń tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí ó pupa àti èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú 45 ni ojú kan kásẹ́ẹ̀tì náà ń gbà. Bí ó bá ti kún, ẹ̀rọ náà yóò ta pàá, n óò sì sáré yí i sí ojú kejì. Ọ̀rọ̀ tí Àáfà bá sọ ní àárín ìyípadà yẹn, afẹ́fẹ́ ti gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n ṣàkíyèsí rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ dè mí. Gbogbo ìjọ a dákẹ́, wọn a máa wo ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ó ń yí kásẹ́ẹ̀tì.

Àáfà wa papò dà ní ọdún 2011. Kí Ọlọ́hun tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà wà nínú páálí kan ní yàrá ìkẹ́rùsí mọ́ṣáláṣí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 2021 ni a tó gbé páálí náà jáde. Èyí tí a kọ́kọ́ fi sí inú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ jẹ ẹ́. Okùn rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, ó sì já sí wẹ́wẹ́ lójú wa. Tàfúsírì ọjọ́ kan odindi ni a pàdánù bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ní òmíràn rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé bí a kò bá ṣe nǹkan, ohùn Àáfà yóò kú lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí a ti kọ́ níhìn-ín, tí ó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà nísinsìnyí, ni ó mú kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí òun kò lò mọ́ wá fún wa. Ó fi ètò kan tí ó ń jẹ́ Audacity sí orí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Dominic Mazzoni àti Roger Dannenberg ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní yunifásítì Carnegie Mellon ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1999, a sì gbé e jáde fún aráyé ní ọdún 2000. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti bá wọn tún un ṣe, tí wọn kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń lò ó. Mo sọ fún ọmọ náà pé mo ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún, pé orí mi kò lè gba irú nǹkan báyìí mọ́. Ó ní, "Àáfà, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní hárúfí nígbà tí mo rò pé orí mi ò gbà á." Ó dákẹ́, èmi náà dákẹ́, mo sì jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ti ń ṣiṣẹ́, nítorí àwọn òbí kan ti béèrè. Bọ́tìnnì pupa wà níbẹ̀ síbẹ̀, bí ti kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ṣùgbọ́n kò sí okùn tí yóò já, kò sì sí ojú kejì. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ohùn yín yóò máa hàn lójú kọ̀ǹpútà bí ìlà tí ó ń ru sókè tí ó sì ń rọlẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti pariwo yóò ga bí òkè, ibi tí ẹ bá ti dákẹ́ yóò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ óò fi ojú rí ibi tí ẹ ti mí. Bí a ti máa ń tò ó, ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, kọ̀ǹpútà náà ń wọn ohùn yẹn ní ìgbà 44,100.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ni pé ibi tí a jókòó sí ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ lọ. Ẹ pa fáàǹ, ẹ ti fèrèsé tí ó kọjú sí títì, ẹ dúró kí aládùúgbò pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Ẹní ìkírun tí a tẹ́ sílẹ̀ àti aṣọ títa sára ògiri kì í jẹ́ kí ohùn máa ta padà bí ẹni tí ó wà nínú kànga. Kí makirofóònù jìnnà sí ẹnu ní ìwọ̀n ínǹṣì 6 sí 8, kí ó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí èémí má baà máa lù ú. Ìwọ̀n kan wà lójú ètò náà tí ó ń fi bí ohùn ti lágbára tó hàn. Bí ó bá ti dé ibi pupa, ohùn náà ti kún àkúnwọ́sílẹ̀, ohun tí ó bá sì dànù níbẹ̀ kò ṣe é kó. Ó sàn kí ohùn lọlẹ̀ díẹ̀, nítorí a lè gbé e sókè nígbà tí ó bá yá.

Èkejì, ẹ fi ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún dákẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni ètò náà yóò fi mọ irú ariwo tí ó wà nínú yàrá, kí ó tó bá yín fọ̀ ọ́ kúrò lára ohùn. Ṣùgbọ́n bí a bá fọ̀ ọ́ jù, ẹni tí ó ń kéwú yóò dà bí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò omi.

Ẹ̀kẹta, fífi iṣẹ́ pamọ́ yàtọ̀ sí yíyọ ohùn jáde. Bí ẹ bá kàn fi iṣẹ́ pamọ́, fáìlì tí Audacity nìkan lè ṣí ni ẹ óò ní. Mo fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí òbí mẹ́rìnlá lórí fóònù ní ọjọ́ kan, kò sì sí ọ̀kan tí ó lè ṣí i. Wọ́n rò pé fóònù wọn ló bàjẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ yọ ọ́ jáde gẹ́gẹ́ bí WAV tàbí MP3. Wákàtí kan WAV tí kò ní ju ojú ohùn kan lọ lè tó mẹ́gábáìtì 300 àti díẹ̀. MP3 tí a fún pọ̀ dáadáa fún ọ̀rọ̀ sísọ lè má ju 30 lọ. Nítorí náà, WAV ni a fi ń pamọ́, MP3 ni a fi ń ránṣẹ́.

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn Àáfà láti orí kásẹ́ẹ̀tì sí orí kọ̀ǹpútà. A fi wáyà so ojú ìgbọ́hùn ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì mọ́ kọ̀ǹpútà, a sì jókòó tì í títí yóò fi kà tán, nítorí kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan àbọ̀, wákàtí kan àbọ̀ náà ni yóò gbà.

Nígbà tí ọwọ́ mi mọ́ ọn, mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi náà máa gba ohùn ara wọn sílẹ̀. Ìwúlò rẹ̀ ya mí lẹ́nu. Ọmọ tí ó fẹ́ pe "qalb", tí í ṣe ọkàn, tí ó wá pe "kalb", ajá ni ó pè. Mo lè sọ èyí fún un ní ìgbà ogún, yóò ní òun gbọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó gbọ́ ọ láti ẹnu ara rẹ̀ ni ó tó pariwo pé, "Àáfà, ajá ni mo pè!" A máa ń gbọ́ kíkà Shaykh Mahmoud Khalil al-Husary ti ilẹ̀ Íjíbítì ṣáájú, ẹni tí ó ka gbogbo Àlùkùránì sílẹ̀ fún gbígbọ́ ní ọdún 1961, lẹ́yìn náà ni a óò gbọ́ tiwa. Èmi fúnra mi gbọ́ ara mi, ojú sì tì mí díẹ̀. Ibi tí ó yẹ kí n fa ohùn dọ́gba, ibì kan ni mo fà á gùn, ibòmíràn mo gé e kúrú. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ ọmọ, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún mi.

Èyí ni oore ètò náà. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí mo ṣe fi ṣe ohun tí kò tọ́.

Ní ọdún 2022, a fẹ́ ṣe wòlímà fún àwọn ọmọ mẹ́sàn-án. A pinnu pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ka súrà kan sílẹ̀, kí a fi lé òbí rẹ̀ lọ́wọ́ fún ìrántí. Ọmọkùnrin kan wà nínú wọn, ọmọ ọdún méjìlá, tí ó ka Súrà Al-Mulk, tí ó ní áyà 30. Ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n ibi mẹ́ta ni ó ti há, tí mo sì tì í lẹ́yìn. Ó ku ọjọ́ méjì sí wòlímà. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹni tí ó ń náwó sí ilé-kéwú wa gan-an, mo sì ń ro ojú tí yóò fi wò mí bí ó bá gbọ́ ọmọ rẹ̀ tí ó ń há. Lóru ọjọ́ náà, mo ṣí kọ̀ǹpútà. Mo gé ohùn èmi tí mo ń tì í lẹ́yìn kúrò. Mo lọ wá áyà mẹ́ta náà nínú ohun tí ó kà ní ọjọ́ mìíràn, níbi tí ó ti ń kà á tẹ̀lé mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ibi tí ó ti mí ni mo ti so ó pọ̀, kò sì sí etí tí ó lè mọ̀. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Ní ọjọ́ wòlímà, a fi í sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Àwọn ènìyàn ń ké Allahu Akbar, wọ́n ń ná ọmọ náà lówó. Bàbá rẹ̀ dìde, ó di mọ́ mi. Ọmọ náà dorí kodò. Mo rò pé ìtìjú ọmọdé ni.

Kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn náà tí wọ́n ń ṣe ìsọmọlórúkọ ní agbo ilé wọn. Bàbá rẹ̀ ní kí ó dìde ka Súrà Al-Mulk bí ó ti kà á nínú fóònù. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ó há, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún há. Bàbá rẹ̀ bínú sí i lójú gbogbo ẹbí pé láti ìgbà tí ó ti ṣe wòlímà ni kò ti fojú kan tírà mọ́. Lẹ́yìn èyí, ọmọ náà kò fẹ́ kéwú sókè mọ́ ní kíláàsì. Bí ó bá kan òun, yóò ní ọ̀nà ọ̀fun ń dun òun. Mo pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àáfà, ẹni tó ń kéwú nínú fóònù bàbá mi yẹn, èmi kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa ní kí n ṣe bíi tiẹ̀."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mi ò sùn lóru ọjọ́ náà.

Àwọn tí wọ́n kọ́ ìmọ̀ hádíìsì mọ ohun tí a ń pè ní tadlīs. Ọ̀rọ̀ ọjà ni ní ìpìlẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni kí òǹtajà fi àbùkù ọjà rẹ̀ pamọ́ fún oníbàárà. Nínú ìmọ̀ hádíìsì, ó jẹ́ kí ẹni tí ó gba ọ̀rọ̀ wá fi ibi tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ti já pamọ́, kí ó sọ ọ́ bí ẹni pé ó gbọ́ ọ ní ẹnu ẹni tí kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí a bá mọ̀ mọ́ irú ìwà yìí, àwọn onímọ̀ kì í gba "láti ọ̀dọ̀ lágbájá" lẹ́nu rẹ̀, àfi bí ó bá là á mọ́lẹ̀ pé òun gbọ́ ọ. Wọ́n tún ní mudraj, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tí ó wọ àárín hádíìsì tí kì í ṣe ara rẹ̀. Mo ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí. Èmi náà ni mo jókòó lóru tí mo fi àlùmọ́gàjí kọ̀ǹpútà ṣe wọ́n. Ariwo fáàǹ tí mo fọ̀ kúrò kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n híhá ọmọ yẹn jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀, èmi ni mo sì sọ pé kò ṣẹlẹ̀. Mo ní mo ń bo àṣírí ọmọ, mo sì di ẹrù tí kò lè gbé lé e lórí.

Mo lọ bá bàbá rẹ̀ nílé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Àáfà, mo bú ọmọ yẹn lójú ẹbí." Mo ní, "Alhaji, èmi ni mo jẹ̀bi rẹ̀." Ó ní, "Ṣé èyí tó kà gan-an ṣì wà?" Ọlọ́hun ṣe é, mi ò pa á rẹ́. A jọ gbọ́ ọ. Nígbà tí ó dé ibi tí ọmọ náà ti há, tí ohùn mi sì tì í lẹ́yìn, tí ó tún un kà dáadáa, bàbá rẹ̀ mi orí. Ó ní kí n pa èyí tí mo lẹ̀ rẹ́ kúrò lórí fóònù òun, kí n sì fi èyí síbẹ̀. Bí mo ti ń dìde ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní, "Ẹ ti bẹ̀ mí. Ọmọ náà ńkọ́?"

Ní ọjọ́ kejì, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà níwájú kíláàsì. Kò rọrùn fún olùkọ́. Kò padà sí kíkéwú sókè lọ́jọ́ yẹn, kò sì padà lọ́sẹ̀ yẹn. Ó tó bí oṣù méjì kí ó tó ṣe é.

Láti ìgbà náà ni a ti ní òfin mẹ́rin ní ilé-kéwú wa. Àkọ́kọ́, a lè fọ ariwo, a sì lè gé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí, ṣùgbọ́n láti hárúfí àkọ́kọ́ dé hárúfí ìkẹyìn, a kò gbọdọ̀ gé, a kò gbọdọ̀ lẹ̀. Èkejì, ẹni tí ó bá há, kí ó tún súrà náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí kí a fi í sílẹ̀ bí ó ti wà. Ẹ̀kẹta, kí òǹkàwé fi ẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó kà á. Ẹ̀kẹrin, kí a fi èyí tí a kò fọwọ́ kàn pamọ́ sí ibi méjì.

Òfin yìí ni ó ràn wá lọ́wọ́ nígbà tí a padà sí ọ̀rọ̀ Àáfà wa àgbà. Nínú tàfúsírì Ràmàdáánì ọdún 1996, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ogún pínpín. Ní ọjọ́ kan, wọ́n sọ pé ìdá mẹ́rin ni opó yóò gbà nínú ogún ọkọ tí ó bí ọmọ. Nínú kásẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun, wọ́n ní, "Ohun tí mo sọ lánàá, mo ṣì í sọ. Ìdá mẹ́jọ ni, nítorí ọmọ wà. Ìdá mẹ́rin jẹ́ ti opó tí ọkọ rẹ̀ kò fi ọmọ sílẹ̀. Kí ẹni tó gbọ́ tàná wá gbọ́ tòní." Àwọn kan nínú wa ní kí a gé ibi méjèèjì kúrò, kí àwọn ọmọ tí kò mọ Àáfà má baà gbọ́ àṣìṣe wọn. Ìfẹ́ ni ó mú wọn sọ bẹ́ẹ̀. Mo sọ ohun tí ojú mi ti rí fún wọn, a sì fohùn ṣọ̀kan pé a kò ní gé e. Ṣùgbọ́n a kò tún fẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ ti àná kí ó má gbọ́ ti òní, kí ó lọ fi pín ogún. Nítorí náà, a fi ọjọ́ méjèèjì sínú fáìlì kan, a sì fi ohùn mìíràn kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ pé àtúnṣe ń bẹ níwájú. Nínú gbogbo kásẹ́ẹ̀tì náà, ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń béèrè jù láti gbọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọ̀tá kéwú. Ẹ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi rọ́pò olùkọ́, nítorí kọ̀ǹpútà yóò jẹ́ kí ẹ gbọ́ àṣìṣe yín, kò ní jókòó tì yín títí ẹ óò fi bọ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá gbọ́ ibi tí ọmọ yín ti há nínú ohun tí a fi lé yín lọ́wọ́, ẹ má bínú, ẹ tẹ́tí sí bí ó ti ṣe jáde níbẹ̀. Àwa olùkọ́ ni mo sì ń bá wí jù, èmi sì ni mo kọ́kọ́ ń bá wí. Mọ̀láíkà tí ó ń kọ iṣẹ́ ẹ̀dá sílẹ̀ kì í gé, kì í sì í lẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fi orí jì wá níbi tí a ti ṣe àṣìṣe, kí Ó kẹ́ Àáfà wa àgbà, kí Ó sì jẹ́ kí kéwú àwọn ọmọ wa jẹ́ ẹlẹ́rìí rere fún wọn àti fún wa. Aamin.